Àtúndá Ẹgbẹ́: Ohun tí Ọjàaba Lè Kọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yunifásítì ni mo fẹ́ sọ lónìí, ìgboro Ìbàdàn, níbi tí wọ́n gbé bí mi tí wọ́n sì gbé tọ́ mi, ni n óò ti mú àpẹẹrẹ mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta kan tí a jọ ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nígbà èwe wa wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ọ̀kan jẹ́ agbẹjọ́rò, ìkejì jẹ́ oníṣòwò, ìkẹta sì jẹ́ oníṣègùn. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì fẹ́ jí i dìde. Wọ́n ti dá owó jọ, wọ́n ti kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ, ó wá ku ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí yóò fi ọwọ́ sí ìwé náà gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Ohun méjì péré ni mo bi wọ́n léèrè. Èkíní, kí ni ó pa ẹ̀ka náà? Èkejì, níbo ni orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà? Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní orúkọ yóò wá tí ó bá yá.

N kò fi ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ náà, nítorí pé mo mọ̀ wọ́n ní ènìyàn rere, mo sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wá kì í ṣe ohun búburú. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí ó wà ní yunifásítì nísinsin yìí kò ní alábàárò, wọ́n sì rántí bí àwọn fúnra wọn ti ní i. Ìdáhùn tí n kò lè fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ fún wọn lónìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: àgbà lè tún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ dá, ó sì dára kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó, kì í ṣe aṣọ, kì í sì í ṣe àṣírí àtijọ́ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó wá. Ìṣirò ohun tí ó tú ẹgbẹ́ náà ká ni, àti orúkọ, tirẹ̀ ṣáájú, ti àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn, ní gbangba.

1. Irú ẹgbẹ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Ẹgbẹ́ tí mo ní lọ́kàn kì í ṣe ẹgbẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan tàbí ti ìjọ kan. Èyí ni ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tí kì í ṣe ọmọ ìyá ara wọn dá sílẹ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn lò bí ọmọ ìyá. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é wá láti inú ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí ó túmọ̀ sí arákùnrin. N óò máa pè é ní ẹgbẹ́ ọmọ-ìyá. Ó máa ń ní orúkọ, àmì, orin, ìlànà ìgbanisẹ́gbẹ́ àti, lọ́pọ̀ ìgbà, ìbúra. Bí ó bá tàn dé yunifásítì púpọ̀, èyí tí ó wà ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní ẹ̀ka.

Ohun kan ni ó yà á sọ́tọ̀ sí ẹgbẹ́ ìgboro. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ nínú ọgbà. Láàárín ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, gbogbo ẹni tí ó wà nínú ẹ̀ka yóò ti jáde, àwọn mìíràn yóò sì ti rọ́pò wọn. Nítorí náà, ikú kì í jìnnà sí ẹ̀ka. Bí wọn kò bá gba ọmọ tuntun fún ọdún mẹ́rin péré, kò ní sí ẹnì kan nínú ọgbà tí ó mọ orin, tí ó mọ òfin, tí ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn tí wọ́n ti jáde nìkan ni ìrántí rẹ̀ yóò kù sí. Ìdí nìyí tí a kò fi lè sọ̀rọ̀ àtúndá ẹ̀ka kí á má sọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde. Ìbéèrè tí ó kù ni irú ìrántí tí wọ́n fẹ́ kó padà wá.

2. Ẹgbẹ́ ní ìgboro Ìbàdàn

Kí yunifásítì tó dé Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ ti wà ní Ìbàdàn. Kò sì lè ṣe kí ó má wà níbẹ̀. Ìlú tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829 ni, ìlú tí àjèjì àti àjèjì gbé di aládùúgbò. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹbí nìkan kò tó gbé ènìyàn dúró. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìyá ẹni ni a ń sọ di ọmọ ìyá. Láti Bẹẹrẹ dé Mápó, láti Ọjàaba dé Bẹ́yẹrúnkà, tọkùnrin tobìnrin ni ó ní ẹgbẹ́. N. A. Fádípẹ̀, tí ó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, èyí tí Ilé Ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1970, kò gbàgbé ẹgbẹ́ nígbà tí ó ń ka àwọn ohun tí ó so àwùjọ wa ró.

Ẹgbẹ́ ní orúkọ, ó ní ọjọ́ ìpàdé, ó ní olórí, ó sì ní Baba ẹgbẹ́ tàbí Ìyá ẹgbẹ́. Ẹ kíyè sí i pé Baba ẹgbẹ́ kì í ṣe ọ̀gbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àgbà ni, ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pàdé. Bí wọ́n bá jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ ń lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹ ará ìlú, òun ni ará ìlú yóò lọ bá. Aṣọ ẹgbẹ́ pàápàá kì í ṣe fún fáàrí nìkan. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò lè sá pamọ́: bí ó bá ṣe rere, wọn yóò ní ọmọ ẹgbẹ́ báyìí ni, bí ó bá ṣe ìbàjẹ́, ohun kan náà ni wọn yóò wí.

Mo ti fojú ara mi rí bí a ti í tún ẹgbẹ́ tí ó tú ká kó jọ. Ìyá mi ń ta èlùbọ́ ní Ọjàaba, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ kan tí ń dá èésú. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó èésú dàrú. Àwọn kan ní akápò ni ó kó o jẹ. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Ẹgbẹ́ tú ká. Fún bí ọdún mẹ́ta, ìyá mi kò kí àwọn obìnrin tí òun àti wọn ti jọ ń wọ aṣọ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ wọn kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ara wọn.

Àwọn ìyá arúgbó méjì, tí wọ́n ti ṣe ẹgbẹ́ náà kí ìyá mi tó dé ibẹ̀, ni wọ́n tún un kó jọ. N kò mọ iye ilé tí wọ́n wọ̀. Ohun tí mo rí ni ìpàdé àkọ́kọ́, ní ọ̀ọ̀dẹ̀ Baba ẹgbẹ́ ní Bẹẹrẹ, nítorí pé èmi ni mo gbé àpótí ìjókòó ìyá mi dé ibẹ̀. Kò sí ìlù, kò sí oúnjẹ, kò sí aṣọ tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá arúgbó náà ní kí wọ́n pe orúkọ. Wọ́n pe orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá. Bí wọ́n ti ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ iye tí ẹni náà dá, iye tí ó gbà, àti iye tí ó jẹ. Ojú ti àwọn kan. Ìyá mi wà lára wọn, nítorí pé gbèsè kan wà níbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Ìgbà tí wọ́n parí ìṣirò náà tán ni ìyá arúgbó kejì tó bèèrè pé, "Ṣé kí á wá ra aṣọ?"

Àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn pẹ̀lú kò yà kúrò lójú ọ̀nà yìí. Ní 1914 ni àwọn alákọ̀wé ìlú, tí Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san wà lára wọn, dá Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán sílẹ̀. Ohun tí orúkọ náà ń wí ni pé àwọn tí wọ́n mọ bí nǹkan ti rí ṣì wà nílẹ̀, a sì lè bi wọ́n. Èyí gan-an ni iṣẹ́ tí à ń retí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde.

3. Bí wọ́n ti ṣe é ní Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ kí á wo ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ ọmọ-ìyá ti yunifásítì ti gbilẹ̀ jù lọ. Ní 1776, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì William and Mary ní ìpínlẹ̀ Virginia, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà èdè Gíríìkì mẹ́ta pè ní Phi Beta Kappa. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ogun òmìnira dé, ó sì tú ẹ̀ka àkọ́kọ́ náà ká ní 1781. Ṣùgbọ́n kí ó tó kú, ó ti fún àwọn mìíràn ní àṣẹ láti dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Yale àti ní Harvard, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì gbé orúkọ náà ró. Ó di nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí wọ́n tó tún èyí tí ó wà ní William and Mary dá. Ogun abẹ́lé tún pa á, wọ́n sì tún jí i ní 1893.

Ohun tí ó kàn wá jù nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní Harvard ní 1831. Ní àkókò náà, ará ìlú Amẹ́ríkà ń bínú sí ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀. Ẹ̀ka Harvard jókòó, ó yẹ ara rẹ̀ wò, ó sì kọ àṣírí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rò pé ẹgbẹ́ tí ó bá tú àṣírí rẹ̀ yóò kú. Èyí kò kú. Títí di òní olónìí, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n mọ̀wé jù lọ ni Phi Beta Kappa jẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbogbo ayé ni ó sì lè mọ ẹni tí wọ́n gbà wọlé.

Àwọn ọmọ Adúláwọ̀ náà dá tiwọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1906, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú méje dá Alpha Phi Alpha sílẹ̀ ní Yunifásítì Cornell, níbi tí aláwọ̀ dúdú kò ti pọ̀, tí ìdánìkanwà sì ń bá wọn jà. Ní 1914 ni wọ́n dá Phi Beta Sigma sílẹ̀ ní Yunifásítì Howard. Nnamdi Azikiwe tiwa àti Kwame Nkrumah ti Gánà wà lára àwọn tí ẹgbẹ́ náà kà ní ọmọ rẹ̀. A kò lè sọ pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ àjèjì.

Báwo ni wọ́n ti ń tún ẹ̀ka dá níbẹ̀ lónìí? Bí ẹ̀ka kan bá rú òfin, yunifásítì tàbí ẹgbẹ́ àpapọ̀ lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Wọn kì í sábà dá a padà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń dúró fún ọdún mélòó kan, títí gbogbo ẹni tí ó wà nínú ẹ̀ka tí ó ṣẹ̀ náà yóò fi jáde, kí ìwà àtijọ́ má baà wọ inú tuntun. Lẹ́yìn èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde yóò yan ìgbìmọ̀ láàárín ara wọn. Ìgbìmọ̀ yìí ni yóò bá yunifásítì ṣe àdéhùn, tí yóò sì máa tọ́ àwọn ọmọ tuntun sọ́nà. A ó kọ́kọ́ fi ẹ̀ka tuntun sí abẹ́ ìdánwò kí á tó dá ìwé àṣẹ padà fún un. Ìgbà mìíràn sì wà tí wọn kì í dá a padà rárá. Ní 2017, akẹ́kọ̀ọ́ kan kú ní Yunifásítì Penn State lẹ́yìn tí wọ́n fi ọtí àmuyíràá gbà á sínú ẹgbẹ́. Yunifásítì náà lé ẹ̀ka náà jáde títí láé, ìpínlẹ̀ Pennsylvania sì ṣe òfin tuntun ní 2018 láti fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá fi ìgbanisẹ́gbẹ́ pa ènìyàn lára.

Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí mo rí ní Bẹẹrẹ. Àgbà ṣáájú, ìṣirò tẹ̀ lé e, aṣọ kẹ́yìn.

4. Ìbàdàn láti ọdún 1952

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí á padà sí ilé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1948 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104. Àwọn díẹ̀ yìí mọ̀ pé àwọn ni wọn yóò gba ìjọba lọ́wọ́ òyìnbó, àwọn kan nínú wọn sì ti ń ṣe bí òyìnbó kí ọjọ́ náà tó pé. Ní 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje, tí Wọlé Ṣóyínká, Ralph Opara àti Olúmúyìwá Awẹ́ wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀. Wọ́n fi àṣà àwọn ajalèlókun inú ìwé ìtàn ṣe eré, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ gbógun ti ìgbéraga, ti ẹ̀yà-tèmi-lọ̀gá, àti ti àṣà tí kò ní ìtumọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun kan sọ́kàn: orúkọ àwọn méje náà kò pamọ́. Ó wà lákọsílẹ̀, àwọn náà kò sì sẹ́ ẹ. Awẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ físíìsì ní Ìbàdàn níbí. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí Ṣóyínká dà.

Lẹ́yìn èyí ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹgbẹ́ Eiye yọjú ní Ìbàdàn láàárín ọdún 1960 sí 1969. Ní 1972, àwọn tí wọ́n ti ara Pyrates yapa dá Buccaneers sílẹ̀. Ní 1977, òmíràn tún dìde ní Yunifásítì Benin. Ní ọdún 1980 sí 1989, ẹgbẹ́ ti pọ̀ débi pé èyí tí ó dé lẹ́yìn kò mọ ìdí tí èyí tí ó ṣáájú fi bẹ̀rẹ̀. Ìdíje gbòde, lẹ́yìn náà ni ọ̀bẹ, àáké àti ìbọn tẹ̀ lé e. Ní 1984, àwọn Pyrates fúnra wọn kéde pé àwọn kúrò nínú ọgbà gbogbo yunifásítì, wọ́n sì di ẹgbẹ́ àwọn àgbà ní ìgboro, tí à ń pè ní National Association of Seadogs.

N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ó rí i pé iná ti ran aṣọ òun gbọ́dọ̀ bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ìṣòro ńlá kan wà ní àkókò náà tí a kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà nínú irú ẹgbẹ́ yìí, láìka orúkọ tí ó ń jẹ́ sí, ti bá iṣẹ́ lọ sí Èkó, sí òkè òkun, sí ipò ìjọba. Àwọn ọmọ ogún ọdún ni wọ́n kù nínú ọgbà, àwọn fúnra wọn sì ni baba ẹgbẹ́ ara wọn. Ní Ọjàaba, kò sí ẹni tí yóò pe ìyẹn ní ẹgbẹ́.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò ṣe é gbàgbé. Ìjọba ológun ṣe Òfin Kẹtàdínláàádọ́ta ní 1989 láti fi òfin de ẹgbẹ́ òkùnkùn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Òfin nìkan kò dá a dúró. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn tí wọ́n fi nǹkan bojú ya wọ ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà lára wọn. Ẹ ronú sí ìbojú yẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó wọ aṣọ tí gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n kò ní jáde bẹ́ẹ̀.

5. Ohun tí òfin wí

Àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta náà sọ fún mi pé òfin Nàìjíríà fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti bá ẹni tí ó wù ú kẹ́gbẹ́. Òótọ́ ni. Abala 40 nínú Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Abala 38 sọ pé ẹ̀tọ́ tí òun fúnni kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti dá ẹgbẹ́ òkùnkùn sílẹ̀ tàbí láti ṣe é, Abala 318 sì ṣàlàyé ohun tí ẹgbẹ́ òkùnkùn jẹ́.

Àlàyé náà pín sí mẹ́ta. Apá kan ń sọ nípa ẹgbẹ́ tí ó ní àmì, ìbúra tàbí ètùtù ìkọ̀kọ̀, tí ó sì ń gbe ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn láìwo ẹ̀tọ́, títí tí yóò fi rẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ jẹ. Apá kejì ń sọ nípa ẹgbẹ́ tí kò bá ipò ìjọba mu, tí ọmọ rẹ̀ sì ti búra láti pa àṣírí mọ́. Apá kẹta ni ó kàn wá jù: ẹgbẹ́ tí ará ìlú kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó fi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ pamọ́, tí ó sì ń ṣe ìpàdé rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Òfin yìí sọ pé ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba nìkan kò yọ ẹgbẹ́ kúrò nínú àlàyé náà. Ìwé ẹ̀rí lè wà lára ògiri, kí ẹgbẹ́ sì jẹ́ ti òkùnkùn síbẹ̀.

Nígbà tí mo ka apá kẹta yìí, ìyá arúgbó Bẹẹrẹ ni mo rántí. Ohun tí àwọn aṣòfin kọ sínú ìwé ni òun ṣe láìkàwé: ó ní kí wọ́n pe orúkọ.

6. Ọ̀rọ̀ àṣírí

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé Yorùbá kò ní awo ni? Ṣé awo kọ́ ni í gbé awo nígbọ̀nwọ́? Ògbóni ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí á fò ó.

Òótọ́ ni pé Ògbóni ní ohun tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ìkọ̀kọ̀ ni ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilédì. Ilédì fúnra rẹ̀ kò sí ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọdé tí a bá rán níṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó jẹ́ Olúwo tàbí Apènà, gbogbo ìlú ni ó mọ̀ ọ́n, oyè rẹ̀ ni wọ́n fi ń kí i. Ní 1914, ọdún kan náà tí Àgbà-ò-tán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àlùfáà T. A. J. Ògúnbíyìí dá ẹgbẹ́ Ògbóni tuntun sílẹ̀ ní Èkó kí àwọn Kristẹni lè bá wọn ṣe é. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀ láàárín ìjọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní òun kò mọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀.

Nítorí náà, ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí a fi pamọ́ àti ẹni tí a fi pamọ́. Ẹgbẹ́ lè ní orin tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Ìdílé pàápàá ní oríkì tí kì í kì fún àlejò. Ìgbà tí a bá fi ènìyàn pamọ́ ni ewu dé, nítorí pé ẹni tí ìlú kò mọ̀, ìlú kò lè bá a wí. Ní ti òwe tí wọ́n ń pa, ẹ jẹ́ kí á pa á tán: bí awo kò bá gbé awo nígbọ̀nwọ́, awo a tẹ́. Ìbẹ̀rù ìtẹ́ wà nínú rẹ̀. Awo tí ó gbé apànìyàn nígbọ̀nwọ́ ti tẹ́ ná.

Àtakò kejì le ju èyí lọ. Wọ́n lè ní bí a bá kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ lónìí, tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́la, orúkọ náà ni àwọn ọlọ́pàá yóò mú lọ́wọ́, wọn yóò sì kó aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. N kò lè sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní orúkọ àgbà ni kí ó ṣáájú. Bí agbẹjọ́rò ẹni àádọ́ta ọdún bá ń bẹ̀rù láti kọ orúkọ rẹ̀ sí òkè ìwé, kò yẹ kí ó sọ fún ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún pé kí ó kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

7. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́jáde ṣe

Bí akẹ́kọ̀ọ́jáde bá fẹ́ tún ẹ̀ka dá, mo gbà pé ohun márùn-ún ni ó yẹ kí ó ṣe, ní títẹ̀lé ara wọn.

Èkíní, kí wọ́n kọ ìtàn ikú ẹ̀ka náà sílẹ̀. Kí wọ́n má fi bò. Bí wọ́n bá lu ọmọ kan, kí wọ́n kọ ọ́. Bí owó bá sọnù, kí wọ́n kọ ọ́. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá wà láàyè, kí wọ́n lọ bá a. Ẹ̀ka tí a kò mọ ohun tí ó pa á, ohun náà ni yóò tún pa á.

Èkejì, kí wọ́n kó orúkọ jọ: orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tí yóò dúró fún ẹ̀ka náà ṣáájú, lẹ́yìn náà orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń wọlé. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ aláṣẹ tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì wà níbi tí òbí ọmọ lè kà á.

Ẹ̀kẹta, kí ìgbanisẹ́gbẹ́ jẹ́ ní ọ̀sán, níbi tí ẹni tí ó ń kọjá lè dúró wò ó. Lílù kò gbọdọ̀ sí, ọtí ipá kò gbọdọ̀ sí, ìbúra tí kò ní jẹ́ kí ọmọ lè kúrò nígbà tí ó bá fẹ́ kò gbọdọ̀ sí. Àwọn Kégáìtì, tí wọ́n ti ń mu ẹmu tí wọ́n sì ń kọrin ní yunifásítì wa láti ìgbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun, lè kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan níbí: ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kàn lè tẹ̀ lé ìró ìlù ni.

Ẹ̀kẹrin, kí Baba ẹgbẹ́ jẹ́ ẹni tí ó wà nítòsí. Owó tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston wá dára, ṣùgbọ́n owó kì í parí ìjà ní aago mọ́kànlá òru. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé ọgbà kí ilẹ̀ tó mọ́ ni à ń wá.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n máa ka ìṣirò owó àti ti ìwà lọ́dọọdún, níṣojú ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Bí wọn kò bá lè ṣe márùn-ún yìí, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òkú ẹ̀ka sùn. Kò sí ìtìjú nínú ẹgbẹ́ tí ó bá ìgbà rẹ̀ lọ. Owó tí wọ́n dá jọ lè ra ìwé sí ilé-ìkàwé, ó sì lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tálákà kan.

Ìkádìí

Mo ti sọ pé ẹ̀ka ẹgbẹ́ yunifásítì kì í pẹ́ kú, pé ọwọ́ àwọn tí wọ́n ti jáde ni ìrántí rẹ̀ wà, àti pé ìrántí náà lè gba ọmọ là, ó sì lè pa á. Mo ti fi hàn pé ní Ìbàdàn àtijọ́, ní Harvard, àti nínú ìwé òfin wa, ohun kan náà ni ó ya ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ sí ẹgbẹ́ òkùnkùn: kí á mọ ẹni tí ó wà níbẹ̀, kí á sì mọ àgbà tí a lè pè ní ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta náà wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí. Mo dúpẹ́ pé wọ́n wá. Ìwé tí wọ́n mú wá ṣì wà lórí tábìlì mi. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, tí wọ́n sì kọ ohun tí ó pa ẹ̀ka náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, n óò kọ tèmi ṣe ìkẹrin.